Iná Tó Wà Nínú Ojú Mi

Ní Èsìẹ́ tiwa, ẹni tí kì í kí èèyàn burú ju ẹni tó jí iṣu lọ. Olè iṣu lè dọ̀bálẹ̀ kó ní ebi ló pa òun. Kí ni ẹni tí kò kí àgbà fẹ́ wí? Ahọ́n rẹ̀ kò gé, ẹnu rẹ̀ kò wú, ó kàn gbé orí kọjá lára èèyàn bí ẹni pé igi ló dúró síbẹ̀. Èmi ni mo ń hu irú ìwà yẹn láti kékeré títí mo fi di tíṣà, àwọn ará ìlú sì fún mi lórúkọ tó tọ́ sí mi lójú tiwọn. Wọ́n ń pè mí ní Ère, nítorí àwọn ère òkúta ìlú wa tí wọ́n jókòó láti ayébáyé tí wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí mo bá ń kọjá lọ́sàn-án, wọ́n á ní, "Ère, ṣé àlàáfíà ni?" Màá kúnlẹ̀, màá dá wọn lóhùn dáadáa. Ohun tó tún wá ń bí wọn nínú nìyẹn. Lọ́sàn-án, ọmọlúàbí ni mí, tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo di ọ̀dájú.

Mi ò ríran lálẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Lọ́sàn-án, mo lè rí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn, mo sì lè ka lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó níwájú mi nínú mọ́tò, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, nígbà tí àwọn ẹlòmíì ṣì ń rí ọ̀nà, tí àwọn ọkùnrin ṣì ń ta ayò lábẹ́ igi, ti èmi ti parí. Bí wọ́n bá tan fìtílà, màá rí fìtílà náà, màá rí ìwé tó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó jókòó lódìkejì rẹ̀, àfi tó bá sọ̀rọ̀.

Ìyá mi nìkan ló mọ̀. Láti kékeré ló ti fi òfin lélẹ̀ fún mi. "Bí adìyẹ bá ti wọlé, kí ìwọ náà wọlé. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, sọ pé inú ń run ọ́. Má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni o, bàbá rẹ gan-an kò gbọdọ̀ gbọ́." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn àbúrò mi obìnrin hu ewú sílé bàbá wọn ni. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé mi. Níbi tiwa, kò sí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ láìwádìí ilé tó ti wá. Wọ́n á rán àgbà obìnrin kan, á ṣe bí ẹni tó wá ra ẹ̀gẹ́, á jókòó sí ilé kejì sí tiyín, á máa bèèrè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ṣé wárápá kò sí nínú ilé yẹn? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Wèrè ńkọ́? Ṣé kò sí afọ́jú? Bó bá gbọ́ ẹyọ kan péré, á gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, á dìde, kò sì ní rántí ẹ̀gẹ́ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mú fìtílà, kí a tò láti ilé-ìwé dé ààfin, kí a máa kọrin lọ. Wọ́n ti fún wa ní kọ́ọ̀pù àti àsíá kékeré lọ́sàn-án. Ìyá mi ní inú ń run mí. Inú kankan kò run mí. Mo jókòó sínú yàrá, mo ń gbọ́ orin náà bó ṣe ń kọjá lójúde wa, mo ń dá ohùn àwọn ẹgbẹ́ mi mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tilẹ̀ mọ ẹni tó ń ṣi orin kọ. Mo sunkún títí oorun fi gbé mi lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bi mí pé níbo ni mo wà. Mo ní irú ariwo bẹ́ẹ̀ kì í bá mi lára mu. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ imú fọn, ó ní ariwo òmìnira kò bá òun lára mu! Ìgbà yẹn ni orúkọ agbéraga bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ mi.

Ìgbà kan wà tí mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Mo ní bí mi ò bá rí wọn, ṣé mi ò lè máa kí gbogbo ohun tó bá ṣáà dúró ni? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí òpó ilé. Mo kí ìkòkò omi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí nǹkan dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú àbọ̀ oko." Ewúrẹ́ ni. Ó sì dá mi lóhùn, ká má parọ́ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé Ère ń fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń kí ewúrẹ́ bí ẹni ń kí bàbá ẹni. Mo jáwọ́. Mo ní kí wọ́n máa pè mí ní agbéraga lọ. Agbéraga ṣì lè rí ọkọ fẹ́.

Ṣùgbọ́n ó dùn mí o. Ìrọ̀lẹ́ ni ayé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tiwa. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ń ti oko dé, ìgbà yẹn ni àwọn ọmọge ń dì mọ́ ara wọn láti lọ pọnmi, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ lójú ìyá wọn. Èmi á ti wà nílé, màá ti tilẹ̀kùn. Mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan. Ọ̀rẹ́ wo lẹ fẹ́ bá ṣe tó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan lẹ ń rí i?

Nígbà tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, ní àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, wọ́n gbé mi lọ sí Òmù-Àrán. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ará Òmùpo ni. Ó ga, ó lẹ́nu, bó bá ń rẹ́rìn-ín gbogbo kíláàsì á gbọ́. Ó ń pè mí ní Mísì, èmi ń pè é ní Tíṣà. Ohun tó kọ́kọ́ mú un fẹ́ràn mi, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, ni pé èmi kì í jáde lálẹ́. Ó ní àwọn obìnrin tíṣà yòókù, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti wà níta, ṣùgbọ́n èmi, bí agogo bá ti lù báyìí, ilé ló kù. Ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni mí. Mo tẹ orí ba, mo ṣe bí ẹni tí ojú ń tì. Ohun tí wọ́n fi ń bú mi ní Èsìẹ́, òun ni wọ́n fi ń yìn mí ní Òmù-Àrán. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nígbà tí mo bá ń ṣàmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Ìyá Tíṣà ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Obìnrin náà kúrò ní Òmùpo láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wò mí. Mọ́tò tó wọ̀ pẹ́ lọ́nà. Kó tó bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹnì kan sì ti nàka sí mi fún un láti ọ̀ọ́kán. Èmi ń sáré lọ sílé kí òkùnkùn má bàa ká mi mọ́ ọ̀nà. Mo kọjá lára rẹ̀, aṣọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó dúró dè mí kí n kúnlẹ̀, mo ń lọ. Ó wá kí mi fúnra rẹ̀. Ohùn tí mi ò gbọ́ rí ni, mo rò pé ẹlòmíì ló ń kí, mi ò wẹ̀yìn. Háà! Àgbà kí ọmọdé, ọmọdé ò jẹ́!

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà dé pẹ̀lú ojú tó wú. Ó ní, "Ìyá mi ní ẹni tí kò kí òun lójú ọ̀nà, ṣé á bu omi fún òun mu nínú ilé?" Mo lè bẹ̀bẹ̀ kí n ní mo ń ronú ni. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́fun mi láti ìgbà èwe, ó ti sú mi.

"Tíṣà," mo ní, "mi ò rí wọn ni. Mi ò ríran lálẹ́. Mi ò ríran lálẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ẹ lọ sọ fún wọn, bó bá wù yín kí ẹ lu agogo sí i."

Ó wò mí, ó wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn náà ni? Mo ti rò pé o ń kórìíra ìyá mi ni. Àìsàn ni, Mísì, kò sì sí àìsàn tí kò lóògùn." Ó di ọwọ́ mi mú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta. Mo rò pé ìyà mi ti tán.

Ó ní òun gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ màlúù ń wò ó. Mo jẹ ẹ̀dọ̀ títí tí màlúù fi ń lé mi lójú àlá. Mo mu epo ẹja tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn àwọn ìjọ onígbàgbọ́, òórùn rẹ̀ nìkan tó ìyà. Òkùnkùn kò yẹ̀ níbi tó wà. Obìnrin tó ń ṣètọ́jú aláìsàn níbẹ̀ wá ní nǹkan mẹ́ta ni ó lè jẹ́. Ó lè jẹ́ oúnjẹ tí kò tó lára, ó lè jẹ́ ti eṣinṣin etí odò tó ń bu èèyàn jẹ tó ń sọ wọ́n di afọ́jú, ó sì lè jẹ́ ti ìdílé. Ó ní ẹ̀rọ kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí ojú ń sọ, òun nìkan ló lè mọ èyí tó jẹ́.

Tíṣà là á mọ́lẹ̀ fún mi kí a tó lọ. Bó bá jẹ́ ti oúnjẹ tàbí ti eṣinṣin, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, òun á mú mi lọ síwájú ìyá òun, òun á ní ara rẹ̀ ti yá, ẹ jẹ́ ká dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ ti ìdílé, òun ò mọ ẹnu tí òun fẹ́ fi bá ìyá òun sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mi ò bínú, òótọ́ ló sọ. Mo sọ fún ìyá mi pé mo ń lọ fi ojú han dókítà, ó sì mọ̀ pé Tíṣà ń fẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un pé òun ló ń mú mi lọ. Bàbá mi rò pé iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Bí mọ́tò ṣe ń gbé wa lọ, àdúrà tí mo ń gbà ni pé kó jẹ́ ebi ló ń pa ojú mi.

Ilé ìwòsàn náà tóbi débi pé a ṣìnà nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ, wọ́n bi Tíṣà pé kí ni òun jẹ́ sí mi. "Ìyàwó mi ni," ó ní. Kò tilẹ̀ ronú. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa rí bí inú mi ṣe dùn tó.

Àgbàlagbà ni dókítà tó rí wa, Yorùbá bíi tiwa, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú nínú lọ́hùn-ún, ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí i, ó máa ń ta iná mànàmáná tín-ín-tín, iná yẹn ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé ohun tí a rí nìyí. Ẹ̀rọ òun á gbọ́ iná náà, á sì yà á sórí bébà. Mo ní, "Dókítà, Èsìẹ́ tí mo ti wá kò tíì ní iná mànàmáná o. Ṣé ojú tèmi á ní in?" Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì kan kán oògùn sí mi lójú, ó mú mi wọ yàrá kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní kí Tíṣà dúró síta. Ó ní mo gbọ́dọ̀ jókòó sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de iṣu orí iná, kí ojú mi lè gbàgbé oòrùn, kí ó tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Mo ní kò burú. Òkùnkùn, ta ni kí ó bẹ̀rù rẹ̀, èmi?

"Ẹ fara balẹ̀," nọ́ọ̀sì náà ní. "Tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọwọ́ yín."

"Ọwọ́ mi bí? Nínú òkùnkùn yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí èèyàn bá ti pẹ́ nínú òkùnkùn, ojú á mọ́ ọn lára, á máa rí nǹkan díẹ̀díẹ̀. Èmi ti ń rí àga yín báyìí."

"Ṣé gbogbo èèyàn ni?"

"Gbogbo èèyàn mà ni."

Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ìlera, mo ti yege ìdánwò, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí pé òkùnkùn máa ń rọ̀ fún àwọn yòókù bí wọ́n bá dúró dè é. Mo rò pé gbogbo wa ni òkùnkùn ń dì mọ́lẹ̀ bákan náà, pé àwọn kàn láyà jù mí lọ ni. Mo gbé ọwọ́ mi síwájú, mo ń retí rẹ̀. Mo yí i sókè, mo yí i sódò. Mo gbé e súnmọ́ imú mi. Kò wá. Nọ́ọ̀sì ń rìn káàkiri nínú yàrá náà, ó ń gbé nǹkan, kò kọlu ohunkóhun, èmi jókòó síbẹ̀ mo na ọwọ́ bí alágbe. Láyé mi, mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Omijé ń bọ́, mo sì ń bẹ̀rù pé á fọ oògùn náà dànù.

Ó kán oògùn mìíràn tó mú kí ojú mi kú, kí n má bàa mọ ìrora. Ó wá fi nǹkan kan tó dà bí ìdérí kékeré lé ẹyinjú mi, wáyà tín-ín-rín wà lára rẹ̀, ó lẹ òmíràn mọ́ iwájú orí mi, ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé orí igi kan, kí n má mira, kí n má ṣẹ́jú. A jókòó báyìí. Mo ní, "Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?" Ó ní, "Mo ti ń tàn án láti ìgbà yìí wá." Ìmọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́ kan ni, aláwọ̀ búlúù, mi ò rí i rárá. Lẹ́yìn náà ló wá tan funfun tó le, ìyẹn dà bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀ tí mànàmáná kọ. Mo rí ìyẹn. Ó tún tan òmíràn tó ń ṣẹ́ wàìwàì léraléra, mo rí òun náà. Mo ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń yọ bébà, kùrùkùrù.

Nígbà tí ó parí, ó yọ wáyà kúrò, ó fi òwú bo ojú mi, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí agbára oògùn á fi tán. Ó jáde. Ibi tí mo jókòó sí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, aṣọ dúdú nìkan ló wà láàárín. Mo gbọ́ ohùn dókítà lóde.

"Ẹ yọ̀ o," ó sọ fún Tíṣà. "Ìyàwó yín kò ní fọ́jú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán nínú ojú rẹ̀ pé pérépéré. Àwọn ti òru ló gba iṣẹ́ tí wọn kò jẹ́ ẹ. Bó ṣe wà yìí ló ṣe máa wà títí alẹ́ ayé rẹ̀, kò ní burú sí i."

"Kí ló fà á, sà? Ṣé oúnjẹ ni?"

"Kì í ṣe oúnjẹ. Kì í sì í ṣe ti eṣinṣin odò. Ó bá a wá láti ilé ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ ló wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pa èèyàn, kì í fọ́ èèyàn lójú. Ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa tọ́jú..."

"Dókítà," Tíṣà ní, "kì í ṣe ìyàwó mi. Ará ìlú wa ni. Mo kàn sìn ín wá ni."

Mo gbọ́ ọ. Òwú ló wà lójú mi, kò sí létí. Ẹ sì mọ ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú? Irọ́ náà. Ará ìlú wo? Òmùpo ni òun, Èsìẹ́ ni èmi, ibo la ti jẹ́ ará ìlú kan náà? Ìbínú yẹn ni mo dì mú títí òwú fi kúrò lójú mi, nítorí bí mo bá fi í sílẹ̀, màá ké bí ọmọdé.

A kò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ra búrẹ́dì, ó fún mi, mo gbà á, mi ò jẹ ẹ́. Nígbà tí a dé Òmù-Àrán, ó ní, "Mísì, màá wá rí yín." Ẹni tó ti ń pè mí ní ìwọ láti ọjọ́ yìí, ó ti di ẹ̀yin. Mo ní ó dàbọ̀, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Kí ọdún tó yí po, ó ti fẹ́ ọmọ kan láti ìlú wọn. Mi ò ṣépè fún un. Mo ti di arúgbó báyìí, ọ̀rọ̀ dókítà náà sì ṣẹ, mo ń ka Bíbélì mi lọ́sàn-án gangan láìlo awò, ẹgbẹ́ mi mélòó ló lè ṣe é? Mi ò kàn tún fi ọ̀rọ̀ ojú mi lọ ọkùnrin kankan mọ́.

Nígbà tí mo délé ní Èsìẹ́ láti ọ̀nà Ìbàdàn náà, ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Kò jẹ́ kí n gbé báàgì sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní mi ò ní fọ́jú, Ìyá. Wọ́n ní bó ṣe wà náà ló ṣe máa wà."

Ó da igbá ẹ̀gúsí nù. Ó kúnlẹ̀ sórí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pe Ọlọ́run ní oríṣiríṣi orúkọ, omijé ń dà lójú rẹ̀ bí ẹni tí òkú rẹ̀ jí. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ẹkún náà pọ̀ ju tèmi lọ.

"Ṣé ó dá a lójú?" ó ní. "Dókítà náà, ṣé ó dá a lójú? Títí ayé? Kódà bí èèyàn bá ti dàgbà tó mi yìí, kò ní fọ́ mọ́?"

Mo dúró. "Ìyá," mo ní, "ojú ta ni à ń sọ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ nílẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń bá a ṣà á. A ṣà á títí ìmọ́lẹ̀ fi ń lọ, tí mi ò rí ẹ̀gúsí mọ́, tí ọwọ́ mi wá ń pa ilẹ̀ lásán. Mo gbọ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ náà ń pa ilẹ̀ lásán.

"Láti kékeré ni," ó ní. "Ìyá tèmi náà bẹ́ẹ̀. Mo ti ń retí ọjọ́ tí yóò fọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ojoojúmọ́ tí mo bá jí tí mo rí àjà, mo máa ń dúpẹ́."

"Bàbá ńkọ́?"

"Kò mọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbé gbogbo nǹkan sí àyè rẹ̀. Mo mọ iye ìgbésẹ̀ láti ààrò dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo máa ń tètè kí, kí wọ́n tó súnmọ́ mi."

Mo bínú. Mo ní, "Ẹ mọ̀! Ẹ mọ bó ṣe rí! Gbogbo ìgbà tí mo ń dá sunkún, tí mo rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run dá báyìí, yàrá kejì lẹ wà! Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ọmọdé kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́," ó ní. "Tíṣà rẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Òun ló mú mi lọ sí Ìbàdàn. Dókítà sọ fún un pé ti ìdílé ni."

"Ta ló kọ́kọ́ sọ fún un pé o kì í ríran?"

"Èmi ni."

Kò bú mi. Ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bi ọmọ tó ṣubú lulẹ̀ pé níbo ló ń dùn ún.

"Ta ní ní kó o sọ fún un?"

Ìgbà yẹn ni bàbá mi wọlé láti oko. A kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti gba etí wa. Ohùn rẹ̀ nìkan la gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyá àwọn ọmọ, kí ni ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe nínú òkùnkùn?"

Ohùn ìyá mi yí padà wéré, ó mọ́ gaara. "À ń dúró dè yín ni. Ta ló fẹ́ máa fi kẹrosíìnì ṣòfò nígbà tí olórí ilé kò tíì dé?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ irú aya tí òun fẹ́. Mo gbọ́ tó ń gbé fìtílà, tó ń ṣá ìṣáná. Nígbà tí iná mọ́, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa òwú fìtílà sókè. Ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìyá mi, mo rí i: ó ṣì kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí ẹnikẹ́ni mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.